Bàǹtàbanta Kì í Ṣèèṣì

Ká ní ìgbéraga a máa wú ara ni, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ì bá ti há sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ tipẹ́, à bá sì ti sinmi. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í wú ara. Ẹnu ló máa ń wú. Ẹ̀yin náà ẹ ṣì máa gbọ́ ẹnu ọ̀hún.

Olórí àwọn akọ̀rọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, kí ẹnì kan má wá ní kò yé òun. Ní kóòtù, ẹnì kan máa ń jókòó nísàlẹ̀ adájọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré níwájú rẹ̀. Adájọ́ ń sọ̀rọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́yà ń pariwo, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́rìí ń sunkún, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá dé lọ́jọ́ mìíràn tó ní òun kọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ báyìí-báyìí, ohun tí akọ̀rọ̀sílẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n á kà sí i létí. Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ ni. Ẹ wá wo irú ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó mọ̀ ọ́n dákẹ́!

Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pè é mọ́. Lójú rẹ̀, wọ́n ní láti pè é ní “Ọlọ́lá Jùlọ, Olórí Gbogbo Akọ̀rọ̀sílẹ̀, Etí Tí Kóòtù Fi Ń Gbọ́rọ̀, Ìka Tí Kì í Rẹ̀.” Lẹ́yìn rẹ̀, Bàǹtàbanta ni wọ́n ń pè é. Èmi náà, Bàǹtàbanta ni n ó máa pè é, torí ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Àṣẹ tí ọkùnrin yìí pa ní ọ́fíìsì yẹn kò ṣeé kà tán. Ó ní nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ òun ní kóòtù, kí akọ̀rọ̀sílẹ̀ tẹ gbogbo oyè òun pátá, kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Ó ní bí òun bá wúkọ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n tẹ ikọ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá ikọ́ ọgbọ́n ni àbí ikọ́ ìbínú. Ẹjọ́ tó yẹ kó parí kí oòrùn tó kanrí wá ń fa gbọọrọ di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ó ní ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu òun jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́ láéláé. Ó ní àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí á fẹ́ kà á. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni wọ́n ṣe?

Ó tún fi pákó gbé àga rẹ̀ sókè, kí ẹni tó bá wọlé lè máa gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo àjà. Àga náà wá ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́, ó ń rọ̀ dirodiro.

Igbákejì rẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Orúkọ yẹn náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀, Bàǹtàbanta á kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti bá wọn sọ̀rọ̀.

“Nígbà tí mo jí lónìí...” á bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ mọ̀ ọ́n jí, sà!” ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ti gbà á.

“N kò tíì parí ọ̀rọ̀.”

“Àìparí yín gan-an dùn ún gbọ́, sà!”

Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì máa fojú wá ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ àṣírí tí gbogbo èèyàn mọ̀ fún yín. Adelé ni Bàǹtàbanta. Olórí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí ẹnì kan bá wọn jókòó sí àyè náà ná. Bàǹtàbanta ti jókòó kí wọ́n tó parí gbólóhùn náà. Àga tó gbé sókè yẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ohun tó wá ń wá láyé kò ju pé kí àga náà di tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kan ni Màmá Lọ́yà wọlé. Lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, òun sì ni Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso kóòtù fi sídìí ìdánwò àwọn akọ̀rọ̀sílẹ̀. Ó dúró níwájú àga gíga yẹn, ó gbójú sókè, ọrùn ro ó.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.”

“Màmá, ẹ ò pe oyè mi tán.”

“Mo ti dàgbà, ọmọ mi. Èémí mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ló rán mi. Wọ́n ní ẹni tó bá máa jókòó sórí àga yẹn títí lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí akọ̀rọ̀sílẹ̀. Wọ́n wo tiyín títí, wọn ò rí i.”

Bàǹtàbanta rẹ́rìn-ín. “Wọn ò ní rí i. N kò ṣe ìdánwò rí. Àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń dán wò.”

“Ìdánwò ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Bí ẹ bá yege, àga di tiyín. Bí ẹ ò bá yege, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀.”

Ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ dirodiro yẹn dúró sójú kan. “Lórí kí ni ìdánwò ọ̀hún?”

“Lórí oríṣi òfin tó wà. Akọ̀rọ̀sílẹ̀ tí kò mọ irú ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó máa kọ sókè ìwé? Báwo ló ṣe máa mọ ẹni tó ń bá ẹni jà?”

“Màmá,” ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà gba ọ̀rọ̀ náà, “ọ̀rọ̀ kan ló wà ńlẹ̀ o. Ta ló máa máàkì ìwé ọ̀gá wa? Ta ló mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni,” ni màmá dáhùn. “Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín. Ẹ bá mi wá àga tí kò ga.”

Ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, inú ọ́fíìsì náà ni wọ́n ti ṣe é. Màmá Lọ́yà jókòó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Òfin ìpìlẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ìyá gbogbo òfin. Òun ló sọ agbára tí ìjọba ní àti ibi tí agbára náà mọ.”

“Agbára mi ńkọ́? Ibo ló sọ pé ó mọ?”

“Ẹ ò sí níbẹ̀, ọ̀gá. Òfin àwọn ọ́fíìsì ìjọba tún wà. Ìyẹn ló ń sọ bí irú ọ́fíìsì yín yìí ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, irú àṣẹ tí ẹ lè pa àti irú èyí tí ẹ ò lè pa.”

“Ìyẹn ò kàn mí. Ẹ fò ó.”

Màmá mí kanlẹ̀. “Àwọn méjì tó kù ni kí ẹ dì mú dáadáa, torí àwọn ni ẹ ó máa bá pàdé jù. Ẹ jẹ́ ká ní mo wà lójú títì, ẹnì kan ṣèèṣì fi bàtà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ èmi àti onítọ̀hún nìyẹn. Kó tọ́jú ẹsẹ̀ mi, kó bẹ̀ mí, ó tán. Bó bá tiẹ̀ di kóòtù, òfin aráàlú sí aráàlú ni, ohun tí a ó kọ sókè ìwé ni ‘Lágbájá lòdì sí Tàmẹ̀dò.’ Ṣùgbọ́n tó bá wò mí lójú, tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé mi kó lè ṣe mí léṣe, ọ̀rọ̀ ti ju tèmi nìkan lọ. Gbogbo ìlú ló ṣẹ̀. Òfin ọ̀daràn nìyẹn. Ìjọba ni yóò gbé e lọ sí kóòtù, a ó sì kọ sókè ìwé pé ‘Ìjọba lòdì sí Lágbájá.’”

Bàǹtàbanta dìde lórí àga. Ojú rẹ̀ ń tàn yanran.

“Ìjọba? Ìjọba lódindi? Pẹ̀lú ọlọ́pàá rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ́fíìsì rẹ̀, pẹ̀lú àsíá rẹ̀? Gbogbo wọn dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Onítọ̀hún á mà jẹ́ ènìyàn ńlá o!”

“Ọ̀daràn ni, ọ̀gá.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ńlá.”

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń kọ́ níwèé! Nígbà tí màmá lọ tán, Bàǹtàbanta pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó kéde pé òun ti yẹ òfin wò fínnífínní, oríṣi méjì péré ló sì wà: òfin àwọn ńlá, níbi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń wá báni jà, àti òfin àwọn wẹ́wẹ́, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń ṣaáwọ̀ nítorí adìẹ. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní òun ti ń fura bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn o: nígbà tó délé, ẹ̀rù ń bà á. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ó sì rí i tó jókòó sórí àpótí aṣọ, tí kò bọ́ bàtà, tí kò wúkọ́.

“Olówó orí mi, kí ló dé?”

“Tí mo bá pàdánù àga yẹn, kí ni wọ́n á máa pè mí?”

“Wọ́n á máa fi orúkọ yín pè yín.”

Bàǹtàbanta fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá jókòó tì í. “Ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ mú ìwé tí màmá fún yín, ẹ kà á. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Kì í pààyàn.”

Ó mú ìwé náà lóòótọ́. Ó ṣí i. Ó ti ń ka ojú ewé kìíní, ètè rẹ̀ ti ń mì, inú ìyàwó sì ti ń dùn, ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Ta tún ni? Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni.

“Háà, ọ̀gá mi! Ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ jókòó tí ẹ ń ka ìwé? Ìwé ló yẹ kó jókòó kó máa kà yín!”

Bàǹtàbanta pa ìwé náà dé. Ìyàwó wo Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà títí, ó wo áyọ́ọ̀nù tó gbóná, ó sì rántí pé òun ti bímọ, òun ò lè lọ sẹ́wọ̀n.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀ràn dígí ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, nítorí náà, ẹ rín in.

Onígbàjámọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní kọ́nà ọ̀nà tó lọ sí kóòtù. Ó ra dígí tuntun kan tó ga tó ilẹ̀kùn, tó sì fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Kó tó gbé e wọlé, ó fi ẹ̀yìn dígí náà ti ògiri níta láti nù ún, ojú dígí sì kọ títì. Ó wọlé lọ fá irun oníbàárà kan. Bí mọ́tò Bàǹtàbanta ṣe yọ ní kọ́nà nìyẹn.

“Dúró!” ni Bàǹtàbanta kígbe mọ́ dírẹ́bà rẹ̀. “Ta ni yẹn?”

Níwájú wọn lọ́hùn-ún, mọ́tò dúdú ńlá kan dojú kọ wọ́n. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò náà, ó dé fìlà gíga, ó fa ojú ro bí ẹni mu oògùn kíkan.

“Sà, dígí ni,” ni dírẹ́bà wí.

“Mo mọ dígí. Dígí wà nílé mi. Kò sí mọ́tò nínú rẹ̀! Tẹ fèrè kó yà fún mi!”

Dírẹ́bà tẹ fèrè. Mọ́tò kejì kò yà.

“Ẹ wo àfojúdi! Wo bó ṣe ń wò mí!” Bàǹtàbanta na ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ọkùnrin ọ̀hún náà na ẹ̀ṣẹ́ sókè. “Háà! Ó ń na ẹ̀ṣẹ́ sí mi! Sí èmi! Bọ́ọ́lẹ̀, dírẹ́bà, bọ́ọ́lẹ̀ fún mi!”

“Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n...”

“Mo ní kí o bọ́ọ́lẹ̀!”

Dírẹ́bà bọ́ọ́lẹ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ká ọwọ́ lérí. Bàǹtàbanta bọ́ síwájú, ó gbójú sókè, ó sì figbe ta: “Òun náà ti lé dírẹ́bà rẹ̀! Òun náà ti bọ́ síwájú! Ó fẹ́ bá mi dán an wò!” Ló bá tẹná mọ́tò náà.

Gbààà!

Ó di bó ò lọ, o yà fún mi. Dígí fọ́ yángá. Onígbàjámọ̀ sáré jáde tòun ti abẹ lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e, apá ọ̀tún orí fá, apá òsì ò fá. Bàǹtàbanta jáde nínú mọ́tò, ó wo iwájú, kò rí ẹnìkankan mọ́. Ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù.

“Ó ti sá,” ló wí.

“Ọ̀gá, ẹ fọ́ dígí mi! Yéè, dígí tí n kò tíì lò rárá!”

“Mo bá ọ lé e lọ. Ìwọ ìbá dúpẹ́.”

Ẹ ò rí nǹkan. Onígbàjámọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ra dígí padà fún òun, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó kí wọ́n fárí fún un láìrí ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàǹtàbanta ní òun kì í bá àwọn tó ń lo abẹ sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ bá gba kóòtù lọ.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Akọ̀rọ̀sílẹ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà jẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bàǹtàbanta. Adájọ́ jẹ́ onísùúrù èèyàn. Wọ́n ka orí ẹjọ́ náà síta: “Onígbàjámọ̀ lòdì sí Adelé Olórí Akọ̀rọ̀sílẹ̀.” Bàǹtàbanta yí ojú bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Òfin àwọn wẹ́wẹ́! Wọ́n mú òun wá sábẹ́ òfin adìẹ!

Lọ́yà rẹ̀ dìde. Ọ̀dọ́mọdé ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. “Olúwa mi, kò sí ìjà níbí. Oníbàárà mi ṣèèṣì ni. Oòrùn ló tàn sí i lójú. Ó kẹ́dùn, yóò sì ra dígí mìíràn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni adájọ́ wí. “Onígbàjámọ̀, ṣé o gbà?”

“Mo gbà, Olúwa mi. Dígí ni mo fẹ́, n kò bá wọn ṣọ̀tá.”

Ṣé ẹ rí i bó ṣe fẹ́ẹ́ tán? Kò ju kí adájọ́ kan òòlù rẹ̀ mọ́ tábìlì lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò ní dákẹ́? Èmi náà á dákẹ́. Ewúrẹ́ pàápàá á dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn, ti ń wí lábẹ́ ètè pé, “Dákẹ́, olówó orí mi, jọ̀ọ́ dákẹ́.” Ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà tẹ́nu mọ́ etí ọ̀gá rẹ̀ pé: “Sà, wọ́n ní ẹ ṣèèṣì.”

Bàǹtàbanta dìde.

“Ta ló ṣèèṣì?”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni lọ́yà rẹ̀ wí.

“Mo ní ta ló ṣèèṣì! Ṣé ẹni tó ń ṣèèṣì ni wọ́n ń fi ṣe olórí? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ mi! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò ṣèèṣì rí! Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí mo bá ṣubú, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣubú ni! Oòrùn kò tàn sí mi lójú, oòrùn ò tó bẹ́ẹ̀! Mo rí i kedere. Mo rò ó. Mo lé dírẹ́bà mi bọ́ọ́lẹ̀, torí kò fẹ́ ṣe é. Mo gba mọ́tò náà fúnra mi, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ lọ kọ lù ú!”

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló ń dún.

“Lọ kọ lu kí ni?” ni adájọ́ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ọkùnrin tó wà níwájú mi! Mo fẹ́ fọ́ ọ túútúú! Orí ló yọ ọ́ tó fi sá!”

Lọ́yà rẹ̀ fi fáìlì bojú. Adájọ́ na ọwọ́ sí obìnrin tó ń tẹ ọ̀rọ̀. “Akọ̀rọ̀sílẹ̀, dúró ná. Ọ̀gá, inú ń bí yín ni. Ẹ fara balẹ̀. Mo lè ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, kí ẹ jókòó, kí á parí ọ̀rọ̀ dígí yìí ní tùbí-ǹ-nùbí.”

Àánú nìyẹn o! Àánú ńlá tí kì í kọjá níwájú ilé èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni Bàǹtàbanta fi àánú náà ṣe?

“Yọ ọ̀rọ̀ ta ni? A kì í yọ ọ̀rọ̀ mi! Àṣẹ mi nìyẹn! Ìwọ obìnrin yìí, tẹ̀ ẹ́! Tẹ gbogbo rẹ̀, kí o sì fi oyè mi síwájú rẹ̀!”

Obìnrin náà wo adájọ́. Adájọ́ mí kanlẹ̀, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́.” Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú Ọlọ́lá Jùlọ, pẹ̀lú Etí Tí Kóòtù Fi Ń Gbọ́rọ̀, pẹ̀lú Ìka Tí Kì í Rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

“Onígbàjámọ̀ yóò gba dígí rẹ̀,” ni adájọ́ wí. “Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò fọ́ èèyàn túútúú, ìjọba ló máa dá a lóhùn.”

“Ìjọba?” Ìbínú kúrò lójú Bàǹtàbanta wàì, bí ìgbà tí wọ́n tan iná. “Ìjọba lòdì sí èmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ju ọwọ́ sí wọn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta á.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú ọkùnrin yìí dùn. Ó rán aṣọ tuntun fún ẹjọ́ kejì. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá, kí wọ́n sì jókòó síwájú. Ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há.

“Ẹ wò ó, àga tí ẹ ń wá yẹn, ẹ máa pàdánù rẹ̀ pátápátá ni! Ọ̀daràn ni wọ́n fẹ́ pè yín!”

“Àga?” ni Bàǹtàbanta dáhùn. “Lẹ́yìn tí ìjọba lódindi bá ti bá mi jà, ta ló tún máa bi mí léèrè ìwé-ẹ̀rí?”

Nígbà tó dúró sínú àpótí ọ̀daràn, ó gbọ́ tí wọ́n ka “Ìjọba lòdì sí” síta, ó sì di ojú bí ẹni ń gbọ́ orin. Adájọ́ mìíràn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí kò ní àkókò ṣeré.

“Ṣé o jẹ̀bi tàbí o kò jẹ̀bi?”

Bàǹtàbanta rò ó díẹ̀. “Èwo ló tóbi jù nínú méjèèjì?”

“Dáhùn ìbéèrè.”

“Mo jẹ̀bi! Mo jẹ̀bi pátápátá, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́!”

“Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀bi í jẹ bíi yín, sà!” ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kígbe láti ẹ̀yìn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Adájọ́ kò pẹ́ rárá. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ pa, òjìji ara rẹ̀ ni, òun kò ní rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n kó lọ máa gbá irun nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ títí ọdún yóò fi parí. Ẹni tí kóòtù bá sì dá lẹ́bi kò lè ṣe olórí ọ́fíìsì kankan ní kóòtù mọ́. Àga ti lọ.

Bàǹtàbanta wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ń wá ẹni tó máa pe oyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti kúrò lórí ìjókòó, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn irú ọ̀rọ̀ tí olórí tuntun máa ń fẹ́ràn. Ojú ti Bàǹtàbanta. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, omi sì dà lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi orúkọ pè é. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọn ò tíì yọ yín nínú àwọn tó máa ṣe ìdánwò. Bí ẹ bá yege, wọ́n lè gbà yín síṣẹ́ bí akọ̀rọ̀sílẹ̀ lásán.”

Ló bá di pé ó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Nígbà tí kò bá sí irun láti gbá, ó ń kàwé. Kò sẹ́ni tó ń dá a dúró láti yìn ín, nítorí náà ó ń rí ìwé kà dáadáa. Onígbàjámọ̀ kì í ṣe ẹni burúkú, á máa bi í léèrè bó ṣe ń fárí lọ: “Oníbàárà mi yìí, tó bá kọ̀ tí kò san owó ìfárí, òfin wo ni?” “Òfin aráàlú sí aráàlú.” “Tó bá fi ìgbálẹ̀ yín nà mí ńkọ́?” “Òfin ọ̀daràn.” Oníbàárà á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi òun sílẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Bàǹtàbanta jókòó sáàárín àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Màmá Lọ́yà pín ìwé fún wọn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn, tó gba máàkì jù, kà báyìí pé: “Ọkùnrin kan fi mọ́tò fọ́ dígí oníṣòwò kan. Oníṣòwò náà kò béèrè ju dígí rẹ̀ lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí adájọ́ parí ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà dìde, ó ní òun kò ṣèèṣì, òun mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Irú òfin wo ni ẹjọ́ yìí wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Irú wo ló dà? Ta ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?”

Bàǹtàbanta kà á. Kò sí oyè kankan níwájú “ọkùnrin kan” yẹn, kò sí Ọlọ́lá, kò sí Etí, kò sí Ìka, nítorí náà, ẹ dákun, báwo ni kó ṣe dá onítọ̀hún mọ̀? Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó rín títí tábìlì fi ń mì. Ó wá na ọwọ́ sókè.

“Màmá, ẹ forí jì mí. Ṣé irú ẹni báyìí wà láyé lóòótọ́, àbí ẹ kàn fi pa àlọ́ ni?”

Màmá Lọ́yà wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀. “Ó wà.”

“Ó sì níṣẹ́ lọ́wọ́?”

“Olórí ọ́fíìsì ni nígbà yẹn.”

“Olórí! Irú òmùgọ̀ yìí! Ẹ wá fi í síbẹ̀?”

“A ti yọ ọ́.”

“Ẹ pẹ́ kí ẹ tó yọ ọ́,” ni Bàǹtàbanta wí. Ó tẹrí ba sórí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ìdáhùn tó pé jù lọ nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà.